Wọ́n Tún Ojú Ilé Ṣe, Ta Ló Wà Nínú Ṣọ́ọ̀bù?

Kí iwájú ibùdókọ̀ rélùwéè Peckham Rye tó lè padà sí bó ṣe wà láyé ọjọ́un, àwọn onídìrí ní láti kẹ́rù. Ó ti pẹ́ tí Blenheim Grove, òpópónà kékeré tó fara ti ibùdókọ̀ náà, ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dirun fún ìdajì gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin á wá láti Croydon, á wá láti Woolwich, á jókòó láàárọ̀, ẹni méjì á dúró tì í lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Atáṣímẹ́ǹtì á so rọ̀ lára ògiri, dúdú, pupa rúsúrúsú, àti àwọ̀ oyin. Wọ́n á máa di í, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó àti ẹni tí Home Office kọ̀wé sí, títí oòrùn á fi yẹ̀rí.

Nígbà tí káńsù Southwark pinnu láti wó àwọn ṣọ́ọ̀bù tó bo iwájú ibùdókọ̀, kí gbàgede tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè yọjú, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn onídìrí yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ibòmíràn tí wọ́n wá fún wọn ni Peckham Palms, ilé kan lẹ́yìn Rye Lane tí wọ́n ṣètò fún òwò irun àti ìtọ́jú ẹwà, tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tà níbẹ̀. Ilé náà dára. Kò kàn sí lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ òwò irun mọ̀ pé oníbàárà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, tó rí àga tó ṣófo, tó sì wọlé lójú ẹsẹ̀, yàtọ̀ sí oníbàárà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà padà níbẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ọdún 1865 ni ibùdókọ̀ náà ṣí. Charles Henry Driver ló yàwòrán rẹ̀, ọkùnrin kan náà tó lọ́wọ́ nínú àwọn ilé ẹ̀rọ omi ẹ̀gbin Abbey Mills àti Crossness tí àwọn arìnrìn-àjò ṣì máa ń lọ wò dòní. Ó gbé ilé náà sáàárín afárá rélùwéè méjì, ó sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí èrò lè máa rí i láti Rye Lane. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí àyè yẹn pa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, abẹ́ òrùlé ṣókùnkùn ni ẹni tó bá ń lọ wọkọ̀ ń gbà kọjá, kò sì ní mọ̀ pé ilé ńlá kan dúró lókè orí òun. Yàrá ìdúró-dekọ̀ àtijọ́ tó wà lókè di ibi tí wọ́n ti ń gbá bílíádì, kí wọ́n tó wá tì í pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2008 ni ìjọba tó kọ orúkọ ibùdókọ̀ náà sínú ìwé àwọn ilé tó ní ìtàn, ní ìpele Grade II.

Ta wá ló ni gbàgede náà? Ṣé àwọn tó là á sílẹ̀ ní 1865 ni, àbí àwọn tí wọ́n ti ń fi àyíká rẹ̀ jẹun láti ìgbà tí àwọn ilé-ìtajà ńlá ti kó kúrò ní Rye Lane? Òfin tó ń dáàbò bo àwọn àdúgbò àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní èsì sí ìbéèrè nípa bíríkì, nípa fèrèsé àti nípa pátákó. Sí èyí, kò ní èsì kankan.

Òfin ọ̀hún kò dàgbà tó bí àwọn ilé tó ń ṣọ́. Kó tó di 1967, ilé kọ̀ọ̀kan ni ìjọba lè dáàbò bò, kì í ṣe àdúgbò odindi. Duncan Sandys, ọmọ ilé aṣòfin, ló gbé àbá Civic Amenities Act wá lọ́dún náà, ìlú Stamford ní Lincolnshire ló sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Lónìí, irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 10,000 ní England nìkan. Ohun tí òfin 1990 tó ń darí wọn báyìí ń bi káńsù ni pé: ìrísí àti ìwà àdúgbò yìí, ǹjẹ́ ó yẹ kí a pa á mọ́ tàbí kí a mú un sunwọ̀n? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, káńsù á fa ìlà sórí máàpù, gbogbo ohun tó bá bọ́ sínú ìlà náà á sì di ohun à-fọgbọ́n-fọwọ́-kàn.

Àwọn ará Camberwell kò dúró de òfin kankan. Ní 1868, nígbà tí ilé ń yára jẹ pápá run káàkiri gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìgbìmọ̀ àdúgbò wọn ra pápá Peckham Rye fúnra rẹ̀ kó má baà di ọgbà ilé ẹnìkan. Nígbà tó yá, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù náà san £51,000 fún oko Homestall tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì ṣí Peckham Rye Park ní 1894. Ibẹ̀ ni àwọn ẹbí Yorùbá ti ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọmọ lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú bí ojú ọjọ́ bá dára, pẹ̀lú kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù àti àga tí wọ́n gbé wá láti ilé. Owó tí àwọn kan san láyé ọjọ́un ló gba àyè yẹn sílẹ̀. Kò sí ọgbọ́n ìdáàbòbò tó dájú ju kí a ra nǹkan lọ, ṣùgbọ́n a kò lè ra Rye Lane.

Oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni káńsù fa ìlà tirẹ̀ yí Rye Lane ká. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wó ilé tó tóbi ju 115 mítà oníhà mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi tí ìdí rẹ̀ nípọn gbọ́dọ̀ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kó tó yọ ayùn. Pátákó tó ń tan iná, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù ní àwọ̀ ewé àti pupa, kò sí lára ohun tí èèyàn lè gbé kọ́ láìtọrọ àṣẹ mọ́. Kódà àwo sátẹ́láìtì, tí ọ̀pọ̀ ilé Nàìjíríà fi ń wo ìròyìn ilé, kò ṣeé kàn mọ́ iwájú ilé tó kọjú sí títì ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé káńsù fọwọ́ sí i.

Kí èyí lè yé èèyàn dáadáa, kó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní Rye Lane, èyíkéyìí, kó kọ́kọ́ wo òkè. Àjà kejì àti ẹ̀kẹta, bíríkì pupa ni, òkúta funfun ló yí fèrèsé ká, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ lè wà lára òkè ilé. Kó wá wo ìsàlẹ̀. Iṣu Gánà nínú páálí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀, àpò gàrí, pańla tó kọ́rí jọ nínú agbọ̀n, ata rodo nínú abọ́ oníke tí wọ́n kọ £1 sí, gbogbo rẹ̀ ti tú jáde sójú ọ̀nà. Kò sí gíláàsì níwájú ṣọ́ọ̀bù náà rárá. Láàárọ̀ ni wọ́n á ká ìlẹ̀kùn onírin sókè, lálẹ́ ni wọ́n á fà á wálẹ̀ gbàràgàdà, ó parí.

Ní ti àwọn tó ń kọ ìlànà nípa ojú ṣọ́ọ̀bù, ìṣòro mẹ́rin márùn-ún ni wọ́n á kà níbi tí oníbàárà ti rí ọjà. Wọ́n fẹ́ gíláàsì, wọ́n fẹ́ ìdajì ògiri kékeré lábẹ́ gíláàsì náà, wọ́n fẹ́ kí òpó pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì hàn síta. Pátákó orúkọ kò gbọdọ̀ ga débi tí á fi bo fèrèsé òkè. Ìlẹ̀kùn onírin tó dí pa, tó ń sọ òpópónà di ògiri lálẹ́, kò bá wọn lára mu. Wọn kò purọ́, ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Rye Lane ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí gbogbo irin bá ti wálẹ̀, kò wu ẹnikẹ́ni í rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta iṣu mọ̀ pé iṣu tó wà lẹ́yìn gíláàsì kì í tà. Oníbàárà fẹ́ gbé e, kó tẹ̀ ẹ́ wò, kó wo ẹnu rẹ̀, kó ná an.

Suzanne Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì LSE ṣèwádìí lórí òpópónà yìí láàárín 2012 sí 2013. Ó lé ní ogún orílẹ̀-èdè tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá pàdé ti wá. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù aládàáni, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ti pín wẹ́wẹ́: ẹnìkan ń tún fóònù ṣe nítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn ń fowó ránṣẹ́ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àǹkárá wà láàárín, àga onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn. Ju ìdámẹ́rin àwọn oníṣòwò náà lọ ló ń sọ èdè mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pípín ilé bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ ohun ìyanu lójú olùwádìí, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ tuntun lójú ẹni tó ti rìn ní Balógun tàbí Dùgbẹ̀ rí. Àmọ́ ilé kan, ojú kan, pátákó kan ni àwọn tó ń kọ ìlànà fọkàn yà. Wọn kò ro ti òwò mẹ́rin lábẹ́ òrùlé kan.

Ibi tí bàtà ti ń ta àwọn oníṣòwò lẹ́sẹ̀ jù, kì í ṣe pátákó. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìjọba tún òfin ìlò ilé kọ. Ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé kọfí, ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn kékeré àti ibi eré-ìmárale bọ́ sínú agbo kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní Class E. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé onílé lè lé ẹlẹ́ja jáde tó bá ti parí àdéhùn, kó gba oníkọfí wọlé, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ káńsù. Bí oníkọfí náà bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé, ẹ̀hẹn, ìyẹn nílò àṣẹ. Ìlà tí wọ́n fà ní 2011 ń ṣọ́ fèrèsé tọ̀sán-tòru. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé ń lọ, ìlà náà kò rí i.

Òfin 1954 nípa onílé àti ayálégbé ṣì ń gbèjà oníṣòwò tó ní ìwé àdéhùn tó yanjú, torí ó fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún òmíràn nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá parí, àyàfi tí wọ́n bá ti jọ gbà pé ẹ̀tọ́ náà kò sí. Ẹni tó gba igun ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó ń sanwó lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ láìní ìwé, ń kọ́? Òun gan-an ló ń dá Rye Lane dúró, òun ló sì rọrùn láti lé jù.

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ìdáàbòbò ilé kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí àìsí rẹ̀ ṣe rí, kó lọ sí gbàgede Tinúbú l'Ékòó. Ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, ló kọ́ Ilojo Bar síbẹ̀ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, ẹ̀rọ katakata wọlé, ó di àlàpà. Kì í ṣe pé kò sí òfin níbẹ̀ o. Òfin wà, ẹni tó máa dúró ti òfin ni kò sí. Ọdún kan péré ṣáájú ìyẹn, àwọn kan wó ilé ọtí Carlton Tavern ní apá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù láìgbàṣẹ, nígbà tí ìjọba ń múra àtikọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Káńsù Westminster ní kí wọ́n tún un kọ́ bíríkì kan lé ìkejì, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Wọ́n pe ẹjọ́, wọ́n pàdánù. Ilé ọtí náà tún ṣí ní 2021.

Ìbínú àwọn ará àdúgbò ló gba púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹ́kù ní Peckham náà sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀ ojú irin orí títì tí wọ́n pè ní Cross River Tram fẹ́ sọ ilẹ̀ Copeland di ibùdó ọkọ̀, wọn ì bá sì ti wó Bussey Building tó wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irinṣẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹgbẹ́ Peckham Vision kọ̀ jálẹ̀, ètò tíráàmù náà sì kú ní 2008. Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájàmẹ́wàá kan wà lẹ́yìn ilé sinimá Peckham, káńsù ti pète láti wó o. Àwọn ayàwòrán gba òkè rẹ̀ ní 2007 lábẹ́ orúkọ Bold Tendencies, ilé ọtí Frank's tẹ̀ lé e ní 2009. Nígbà tó yá, káńsù fúnra rẹ̀ yí ohùn padà.

Ẹ wo ẹni tó wá jókòó sínú àwọn ilé tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà, ẹ óò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ìjọ Nàìjíríà àti ti Gánà ń kọrin nínú Bussey Building. Ìwádìí kan láti yunifásítì Roehampton ní 2013 ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Peckham àti àyíká rẹ̀. Ilé-ìkẹ́rùsí ni wọ́n sábà máa ń yá, torí ibẹ̀ ló gba èrò, ibẹ̀ ni owó ilé kò ga, ibẹ̀ ni ìlù kò ti í dí aládùúgbò lọ́wọ́ oorun. Ṣùgbọ́n òfin ìlò ilé kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sínú agbo Class E. Ìdí nìyẹn tí oníkọfí fi lè wọlé láìtọrọ àṣẹ, tí pásítọ̀ sì gbọ́dọ̀ tọrọ, tí káńsù lè sọ fún un pé ilẹ̀ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ilẹ̀ àdúrà. Ní Old Kent Road, níbi tí káńsù fẹ́ kọ́ ilé tó tó 20,000 sí, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán nílẹ̀.

Ibì kan wà ní Rye Lane tí ìdáàbòbò ilé àti òwò ti pàdé: Khan's Bargain, ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń ta ìkòkò, aṣọ ibùsùn, òróró àti gbogbo ohun tí ilé nílò. Inú ilé ìtajà Holdron's ti àwọn ọdún 1930 ló wà. Nígbà tí wọ́n tú àjà irọ́ tí wọ́n ti fi bo òkè rẹ̀, òrùlé àtijọ́ tí gíláàsì róbótó-róbótó ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé yọjú. Owó lọ́tìrì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun àjogúnbá, tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn fún Peckham lápapọ̀, ló bá wọn tún ojú ilé náà àti àwọn mìíràn ṣe. Ìkòkò ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní, wọ́n ṣì ń ná an.

Ohun tó mú ìyẹn ṣeé ṣe ni pé ẹni tó wà nínú ilé náà wà nínú ìjíròrò. Òfin tuntun kò ṣe bẹ́ẹ̀ dandan, àmọ́ ó ti ń súnmọ́ ọn. Ètò ìlú tí Southwark fọwọ́ sí ní 2022 ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tí ìyẹn á sì lé oníṣòwò kékeré kúrò, kọ bó ṣe máa rí ibòmíràn fún un. Ìlànà tó ń kọ orúkọ ohun-ìní àwùjọ sínú ìwé wá láti inú Localism Act 2011: Ivy House ní Nunhead, tí kò jìnnà sí Peckham Rye, ni ilé ọtí àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú ìwé náà ní 2012, àwọn ará àdúgbò sì dáwó, wọ́n yáwó, wọ́n rà á. San Francisco gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2015, àwọn olùdìbò níbẹ̀ fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ fún òwò tó ti pẹ́ ní ìlú náà tó ọgbọ̀n ọdún, àti fún onílé tó bá fún un ní àdéhùn gígùn. Òwò ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kì í ṣe ògiri. Kò sí ohun tó dí káńsù Lọ́ńdọ̀nù kankan lọ́wọ́ láti gbìyànjú irú rẹ̀, yàtọ̀ sí owó, owó náà sì ni wọ́n máa ń sọ pé kò sí.

Ní ọdún 2025, Aylesham Centre ni gbogbo ojú ń wò, ọjà tó ní Morrisons nínú, tó gba ibi tí apá púpọ̀ nínú ilé ìtajà Jones & Higgins wà tẹ́lẹ̀; agogo ilé àtijọ́ náà ṣì dúró ní igun Rye Lane. Ilé-iṣẹ́ Berkeley fẹ́ kọ́ ilé gíga síbẹ̀, ilé tó lé ní 850. Ìpín tó yẹ kó jẹ́ ti àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé e sí 12. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbẹ́jọ́ ìjọba ní ìgbà ìwọ́wé ọdún náà, àwọn ará àdúgbò sì lọ sọ tẹnu wọn.

Ìwé ìkéde ìtọrọ àṣẹ ìkọ́lé tó ń ṣáájú gbogbo èyí, ara òpó iná ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Ojú ewé kan ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni èèyàn ní láti fèsì. Kò pọn dandan kí ẹni tó máa fèsì ní ilé, kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ kó mọ̀ pé gbogbo ènìyàn lè ka ohun tó bá kọ. Bí Ìyá Bùkọ́lá tó ń ta ẹ̀fọ́ bá kọ ọ́ pé ṣọ́ọ̀bù tuntun á gba oníbàárà òun, káńsù á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí òfin kò ka ìdíje òwò sí. Bó bá kọ ọ́ pé ilé náà á bo oòrùn àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, pé ó ga ju ojú òpópónà náà lọ, pé kò sí ètò fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níbẹ̀ láti padà wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìròyìn tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ máa kà kí wọ́n tó dìbò.